Àpá Tí Ọkọ Mi Kò Dá Sí Mi Lára

Bí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín báyìí, tí ẹ rí i pé wọ́n fi íńkì pupa fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà kan níbẹ̀, tí àyà yín sì ń já, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ má tíì yọ fóònù láti wádìí ohun tó jẹ́. Ẹ gbọ́ tèmi ná, torí mo ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, àwọn èèyàn mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún òkú mi lé e lórí kí ẹnì kan tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Rísíkátù lorúkọ mi. Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí, nílé Mùsùlùmí. Ọmọ Òkukù lọkọ mi, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì ni. Ọmọbìnrin kan la bí, Títí. Òkukù là ń gbé, àmọ́ Ìnísà ni mo ti ń ṣe tíṣà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Tí mo bá ti dúró ní kíláàsì láti àárọ̀, tí mo tún kó àwọn ọmọ lọ sóko ilé ìwé, tó bá fi máa di ọ̀sán, á dà bíi pé wọ́n ń fi òòlù fọ́ eegun ibẹ̀. Obìnrin kan wà tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ sí Ìnísà. Á dúró sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, á gbàdúrà fún gbogbo wa, lẹ́yìn náà ló máa wá gbé ọjà rẹ̀ jáde. Ẹbu dúdú kan ni, nínú ọ̀rá pélébé.

"Ewé àti egbò lásán ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Kò sí oògùn òyìnbó kankan nínú ẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ ò ní í sáré."

Lóòótọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Kò pẹ́ rárá tí mo fi lè lóṣòó fọ aṣọ bíi ti ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Mi ò tiẹ̀ kà á sí oògùn. Lójú tèmi, bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni. Bó ṣe di ohun tí mò ń mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nìyẹn, ó lé ní ọdún kan dáadáa.

Oúnjẹ wá ń wù mí jẹ ṣáá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, ojú mi rí rìbìtì. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ní, "Ìyá Títí, ọkọ yín ń ṣètọ́jú yín o." Inú mi dùn sí i. Àmọ́ bí ikùn mi ṣe ń ga ni apá àti itan mi ń gbẹ, ẹran kan sì hù jọ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Ìlà pupa yọ yí ikùn mi ká, bíi pé ẹnì kan fi abẹ fà á. Tí mo bá fara gbá etí tábìlì, ojú ibẹ̀ á dúdú bí aró. Tí Títí bá dì mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ọjà, ojú ìka rẹ̀ á hàn níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Oorun sá, ìbínú dé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìbínú yẹn fún ẹni tí irú ẹ̀ ò ṣe rí. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣẹ̀ mí. Á kàn ru sókè láti inú mi bí omi ẹ̀wà tó hó bo ìkòkò. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan rẹ́rìn-ín lóko ilé ìwé. Mo sọ ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó fò kọjá létí ọmọ náà, ó sì wọ ara igi káṣú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó há síbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n lọ sinmi nílé. Nílé, mo fi ọmọ ọlọ fọ́ gíláàsì fèrèsé. Mo da ọbẹ̀ gbígbóná sí ọkọ mi lápá torí pé ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ó mú mi lọ sí ọsibítù kan ní Ìkìrun. Ìdájí la ti lọ tò, oòrùn sì ti kan àtàrí kó tó kàn wá. Ẹni tó rí wa kò gbójú sókè. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àti pé ṣúgà ara mi ti ń lọ sókè. Ó kọ oògùn fún wa, ó ní kí n dín iyọ̀ àti ìrònú kù, ó sì pe ẹni tó wà lẹ́yìn wa. Kò bi mí ní ohun míì tí mò ń lò. Èmi náà ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé tẹlifíṣọ̀n sókè, mo fẹ́ là á mọ́lẹ̀. Títí wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un níléèwé. Ọkọ mi sáré wá, ó di apá mi méjèèjì mú pinpin títí tí mo fi gbé e kalẹ̀. Kò nà mí. Kò tiẹ̀ pariwo mọ́ mi. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ìka rẹ̀ ti yọ yí apá mi ká, dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo lọ kí ìyá mi ní Ìkìrun. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè láti bá wọn fọ abọ́. Múfú, àbúrò mi ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà, wọlé bá mi níbẹ̀. Ó dúró, ó ń wo apá mi.

"Àǹtí, ta ló lù yín?"

"Kò sẹ́ni tó lù mí."

"Kí ló wá ṣe yín lápá?"

"Mi ò mọ̀. Ó kàn máa ń yọ bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí ìyàwó tí wọ́n ń nà ṣe máa ń sọ nìyẹn," ó wí.

Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó pe méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ tó fi ń kó búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì gba ọ̀nà Òkukù lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn, àmọ́ bọ́ọ̀sì ń dúró gbé èrò káàkiri.

Ọkọ mi ń fọ ọ̀kadà rẹ̀ lójúde nígbà tí wọ́n dé bá a. Wọn ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n fi ìgbátí bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ lé e, nígbà tó sì ṣubú, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tí eegun ibẹ̀ fi dún. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, inú omi ọṣẹ ló sùn sí, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan nínú eyín iwájú rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Títí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo gbogbo rẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù, Àǹtí," Múfú wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kò ní í fọwọ́ kàn yín mọ́ láyé."

Sípánà ọ̀kadà wà nílẹ̀. Mo mú un, mo sì là á mọ́ Múfú níwájú orí. Ó ṣubú. Mo tún là á. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti ọkùnrin kan láti ilé kejì ló rọ́ lù mí, apá wọn ò sì tètè ká mi. Okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ ni wọ́n fi dè mí mọ́ òpó ilé. Mo rántí pé mò ń wo ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi àti ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń ṣàn pọ̀ nínú ọṣẹ yẹn, kò sì sí èyí tó ṣe mí láàánú. Ìyẹn ló ṣì máa ń dẹ́rù bà mí jù títí dòní.

Ẹbí méjèèjì tó yẹ kó máa bára wọn jà wá fẹnu kò lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kì í ṣe ojú lásán. Ẹbí mi ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ aláfáà. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní àgọ́ àdúrà kan wà lójú ọ̀nà Ìbà tí wọ́n ti ń tú ẹni tí nǹkan bá dè. Ọkọ mi, tí wọ́n ti fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ná." Màmá ní, "Ọsibítù tí ẹ lọ ńkọ́? Kí ni wọ́n rí?" Ti Màmá ló wá borí, àgọ́ náà ni wọ́n gbé mi lọ.

Ní àgọ́ náà, wọ́n gba báàgì mi. Wọ́n da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹbu orúnkún mi sínú ṣáláńgá, wọ́n ní oògùn ò wọ ilẹ̀ mímọ́. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀. Wọ́n so mí lẹ́sẹ̀ mọ́ irin fèrèsé, wọ́n sì fi pàṣán nà mí kí ohun tó wà nínú mi lè jáde. Awọ mi ṣí bí èèpo tòmátì tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná. Mo bú wọn, mo tutọ́ sí wọn lójú, wọ́n sì fi kún un. Wòlíì wọn ní kí ọkọ mi má wọlé, pé àánú rẹ̀ ló ń fún ẹ̀mí náà lágbára. Màmá nìkan ni wọ́n gbà láyè lọ́dọ̀ mi.

Ohun tó ṣe mí lẹ́yìn ìyẹn ju ẹgba lọ. Nígbà tó fi máa di bí ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ìbínú náà ti kúrò lára mi bí ẹni pa iná. Èébì wá bẹ̀rẹ̀. Mo bì títí tó fi ku omi òróòro nìkan. Inú ń fún mi bíi pé ẹnì kan ń lọ́ ìfun mi bí aṣọ tí wọ́n fọ̀. Tí mo bá gbórí sókè, gbogbo ilé á yí, màá sì tún ṣubú. Mi ò lè gbé ọwọ́ lé eṣinṣin tó bà mí lójú.

"Ẹ wò ó," wòlíì wí fún àwọn èèyàn rẹ̀. "Agídí rẹ̀ ti tán. Ó ti ń lọ."

Màmá fọwọ́ kan iwájú orí mi. Wọ́n ní ó tutù bí ara àmù.

"Wòlíì, ọmọ yìí ń kú lọ."

"Ẹ̀mí náà ló ń kú, Màmá, kì í ṣe òun."

"Mo ti wẹ òkú rí," Màmá wí. "Mo mọ bó ṣe máa ń rí kó tó débẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ọkùnrin tó dúró ti ilẹ̀kùn kò yà. Màmá, ìyá arúgbó tó gbé mi wá síbẹ̀ fúnra wọn, gé ọkùnrin náà jẹ lọ́wọ́ títí ó fi ké. Wọ́n bọ́ síta, wọ́n ń pariwo orúkọ ọmọ wọn. Ọkọ mi ò kúrò lẹ́nu géètì látìgbà tí wọ́n ti lé e síta. Ó fi èjìká tó kù fún un já géètì wọlé, òun àti ọlọ́kọ̀ kan tó ń kọjá ló sì gbé mi.

Òṣogbo ni wọ́n gbé mi lọ. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ǹṣì tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ mi sí, èrò sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ wọn ò fẹ́ rí i kà, ṣúgà mi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n fa omi sí mi lára, nígbà tó yá, wọ́n rí bẹ́ẹ̀dì kan fún mi ní wọ́ọ̀dù òkè. Gbogbo nǹkan tí wọ́n bá bèèrè, owó ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà. Múfú ló ta ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Dókítà tó ń tọ́jú mi kò ju ọmọ ọdún mélòó kan lé lọ́gbọ̀n lọ, obìnrin ni. Ó wo ìlà ikùn mi, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi, ó sì ní kí wọ́n yẹ nǹkan kan wò nínú ẹ̀jẹ̀ mi tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ̀. Múfú ló lọ gba èsì náà ní láàbù. Orí rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Kó tó gòkè dé wọ́ọ̀dù, ó ti wádìí rẹ̀ lórí fóònù.

Ó dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò lè wo ojú ọkọ mi. "Wọ́n ní kò sí nǹkan náà lára ẹ̀ rárá," ó wí. "Ẹran kékeré kan tó máa ń wà lórí kíndìnrín ló ń pèsè rẹ̀. Wọ́n ní tó bá ti rí báyìí, ẹran yẹn ti kú nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe kì í pẹ́ láyé."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá mi, tó wà lórí fóònù láti Ìkìrun, bú sẹ́kún. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí wọ́n lọ mú Títí wá kó wá rí mi. Ọkọ mi gba ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà, ó sì lọ wá dókítà.

Dókítà fa àga sún mọ́ mi. "Màmá Títí, ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Nọ́ńbà yìí nìkan kò lè sọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ wo ara yín: ojú tó kún, ikùn tó ga, awọ tó fẹ́lẹ́. Ara ẹni tí kọ́tísọ̀ ti pọ̀ jù fún nìyí. Ẹ̀jẹ̀ yín wá ń sọ pé kò sí rárá. Àwọn méjèèjì ò sì parọ́. Kí lẹ̀ ń lò?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Àgbo ńkọ́? Ẹbu ńkọ́?"

"Ẹbu orúnkún ni," mo wí. "Ewé lásán ni."

"Ṣé orúnkún yẹn san kíákíá?"

"Ó san."

"Ìgbà wo lẹ ṣíwọ́ ẹ̀?"

Màmá ló dáhùn. "Ọjọ́ tí a dé àgọ́ ni wọ́n dà á nù."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní ewé kì í ṣiṣẹ́ báyẹn, pé oògùn òyìnbó líle kan wà tó jọ kọ́tísọ̀, tí àwọn kan máa ń lọ̀ mọ́ ẹbu kó lè yá. "Ká ní ẹran kékeré orí kíndìnrín yín jẹ́ ọmọ tó ń pọnmi fún ilé," ó wí. "Ẹ wá gba alágbàṣe tó ń pọn kún gbogbo àmù, tó tún ń dà á kúnlẹ̀. Ọmọ yín á lọ sùn, torí kò rí iṣẹ́ ṣe. Omi tó pọ̀ jù yẹn ló wú yín lójú, òun ló lé oorun lọ, òun ló gbé ìbínú wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá lé alágbàṣe lọ lójijì, ọmọ ṣì ń sùn. Ilé ò ní ẹ̀kán omi kan. Ohun tó fẹ́ pa yín nìyẹn. Ọmọ náà ò kú. A máa jí i, àmọ́ a ò ní í kánjú."

"Awọ ara ẹ̀ ńkọ́?" Múfú bèèrè. "Àwọn ojú tó ń dúdú yẹn?"

"Oògùn náà ni. Ó ti jẹ awọ ẹ̀ dànù. Tí èèyàn bá rọra dì í mú kó má ṣubú, ibẹ̀ á dúdú."

Múfú rọra dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, níwájú ọkọ mi. Ọkọ mi ò fà á dìde. Ó ní, "Dìde, ọ̀nà àwọn nọ́ọ̀sì lo sùn dí."

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín, ìwòsàn náà kò rọrùn. Oògùn tí wọ́n fún mi jọ èyí tó wà nínú ẹbu, Màmá sì bínú. "Ohun tó fẹ́ pa ẹ́ náà ni wọ́n tún ní kí o máa gbé mì?" Mo ṣàlàyé títí. Èyí ní òṣùwọ̀n, wọ́n sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ kí ẹran tó ń sùn lè máa jí. Bí wọ́n ṣe ń dín in kù ni gbogbo oríkèé mi ń ro mí bíi pé wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í nà mí. Orúnkún padà dé, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ará ilé ní kí n lọ wá àgbo míì. Àwọn kan ní kí n dá gbogbo oògùn dúró, kí n gba Ọlọ́run gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú ẹbu bẹ́ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nìyí: ẹ má ṣe dá a dúró lójijì nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ gbé e dání lọ sí ọsibítù, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò, títí kan èyí tí ẹ ò kà sí oògùn. Tí wọn ò bá bi yín, ẹ sọ ọ́.

Mo pàdé obìnrin ẹlẹ́bu yẹn nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí ara mi mókun díẹ̀. Mo dìde, mo sọ ohun tó ṣe mí fún àwọn èrò. Ó ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òun. Baba kan tó ti ń lò ó ní kí n jókòó, ọkùnrin kan tì mí, dẹ́rẹ́bà sì já mi sílẹ̀ sójú ọ̀nà kí n tó dé Ìnísà. Mo fẹsẹ̀ rìn ín débẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń ro mí yẹn.

Lónìí, ojú mi ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èsì tí mo gbà kẹ́yìn, nọ́ńbà náà ti gòkè díẹ̀. Dókítà ní ọmọ tó ń sùn ti lajú, àmọ́ kò tíì dìde nílẹ̀. Mo ṣì ń lo oògùn díẹ̀ láràárọ̀, tí ibà bá sì mú mi, mo gbọ́dọ̀ fi kún un, kí n sì tètè lọ sí ọsibítù. Ọkọ mi àti Múfú ti ń kíra wọn. Ọkọ mi kì í jẹun nílé rẹ̀, mi ò sì bẹ̀ ẹ́.

Títí ló pẹ́ jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi ní kíṣíìnì, ó dún gbàmù, mo sì rí ọmọ mi tó sá jáde láìwẹ̀yìn. Mi ò lé e. Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó pẹ́, ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣé inú ń bí yín, Mọ́mì?"

"Rárá. Ó kàn bọ́ lọ́wọ́ mi ni."

Ó wo ojú mi dáadáa. Ó wá sún mọ́ mi díẹ̀, ó jókòó, ó gbé orí lé mi lórúnkún, nígbà tó ṣe, oorun gbé e lọ. Orúnkún náà ń ro mí gan-an. Mi ò sún un.